Iyanrìn Tí Kò Jó Mi Lẹ́sẹ̀ Mọ́

Ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ìtọ̀ ṣúgà ló ń ṣe ọ́, tí o délé tí oúnjẹ kò gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ kọjá, tí o ń wo àwọn ọmọ rẹ bí ẹni tó fẹ́ dágbére, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mi ò fẹ́ dẹ́rù bà ọ́. Ẹ̀rù ti bà ọ́ tó. Ẹsẹ̀ rẹ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ àìsàn náà sí mi létí ni ẹsẹ̀ mi ti ń bàjẹ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ yẹn gan-an ni mo fi ń jẹun.

Sènami ni orúkọ mi. Ọmọ Gùn ni mí, Àgbádárìgì ni wọ́n bí mi sí, iṣẹ́ mi sì ni kí n máa mú àlejò rìn. Bí àlejò bá fẹ́ wo oko, mo máa ń mú wọn gba ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó wà lẹ́yìn Imeke, láàárín ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ, títí a ó fi yọ sí etí ọ̀sà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ wọn torí rẹ̀ wá ni ti òdìkejì omi. A ó wọ ọkọ̀ ojú omi, a ó sọdá ọ̀sà, a ó sì rìn lórí iyanrìn lábẹ́ àwọn igi àgbọn títí a ó fi dé etí òkun. Ìrìn náà kò le rárá. Kò sí òkè, kò sí àpáta, àwọn arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn máa ń bá wa débẹ̀. Ohun tó ń wúwo níbẹ̀ ni ìtàn rẹ̀, torí ọ̀nà yẹn ni wọ́n kó àwọn ènìyàn lẹ́rú gbà pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀, tí wọn kò padà wá mọ́.

Bàbá mi ló kọ́kọ́ ń mú ènìyàn gba ọ̀nà náà, nígbà tí kò tíì sí ẹni tó ń pè é ní iṣẹ́. Ibì kan wà tí ilẹ̀ dúdú ti parí, tí iyanrìn funfun bẹ̀rẹ̀. Bí Bàbá bá ti débẹ̀, á dúró, á bọ́ sálúbàtà rẹ̀, á sì ní kí gbogbo wa bọ́ tiwa. “Àwọn tó gba ibí kọjá kò wọ bàtà,” ló máa ń wí. “Ẹni tó bá wọ bàtà tẹ̀lé wọn, ó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.” Èèwọ̀ ilé wa nìyẹn. Mi ò mọ̀ bóyá bàbá tirẹ̀ ló fi lé e lọ́wọ́ tàbí òun ló dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ rẹ̀ kan tó jẹ́ dán an wò.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyanrìn yẹn gbóná débi pé ènìyàn lè fi yan ẹ̀pà. Èmi a máa fò, màá máa sunkún, màá máa wá òjìji igi àgbọn kiri. Bàbá ní tirẹ̀ á máa rìn lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó wà ní pálọ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà ilé á ní, “Ilẹ̀ ti mọ̀ ọ́n.” Ohun tó wù mí jù láyé nígbà náà ni kí ilẹ̀ mọ èmi náà. Àjàṣẹ́, ní ìkọjá ààlà, ni mo wà, níbi tí mo ti ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá mi, nígbà tí Bàbá kú. Wọ́n ní àwọn tó gba ọ̀nà náà lọ ló pè é. Mi ò bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ikú tó bá a mu gan-an ni lójú mi. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Mo pa ẹ̀rọ ìránṣọ tì, mo sì bọ́ sọ́nà rẹ̀.

Wàá wá mọ ìdí tí inú mi fi dùn ní ọjọ́ tí mo dúró lórí iyanrìn yẹn ní ọ̀sán gangan, tí àwọn àlejò kan láti Kútọnù ń fò sókè sódò, tí wọ́n ń fi èdè Faransé pariwo, tí èmi kò sì mọ nǹkan kan lára. Mo tún ẹsẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti dán an wò. Kò jó mi. Ó dà bíi pé mo wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn. Omi bọ́ lójú mi níbẹ̀, ayọ̀ ni.

Mo sáré lọ sọ fún Tányìn. Àbúrò bàbá mi lóbìnrin ni, bẹ́ẹ̀ la sì ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ilé wa. Ó ti darúgbó, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí tí kò ní gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ó pàtẹ́wọ́, ó bu omi sílẹ̀, ó sì di ẹsẹ̀ mi mú.

“A wànú, ọmọ mi,” ó ní, èyí tí í ṣe o ṣeun ní èdè wa. “Ẹsẹ̀ bàbá ẹ ti wọ̀ ẹ́ lára. Ilẹ̀ ti mọ̀ ẹ́.”

Láti ọjọ́ náà ni ìgbéraga ti wọ̀ mí. Mo fi kún ìtàn tí mò ń sọ fún àlejò. Màá dúró lórí ibi tó gbóná jù, màá máa sọ̀rọ̀, màá sì máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń fò kiri. Kí n má purọ́ fún ọ, mo gbádùn rẹ̀ gan-an.

Àwọn àmì yòókù wà níwájú mi, mi ò kà wọ́n sí. Òùngbẹ ń gbẹ mí bí ẹni tó jẹ iyọ̀. Mo ń tọ̀ ṣáá, èèrà sì ń ṣù bo ibi tí mo bá tọ̀ sí. Ojú mi ń ṣú, mo ní oòrùn ni. Mo rù débi pé aṣọ ń yọ̀ lára mi, àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa sì ń yìn mí. Ọ̀kan bi mí léèrè irú ọṣẹ tí mò ń lò. Ọkọ mi nìkan ni kò yìn mí. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe, ojú rẹ̀ ò sì kúrò lára ohun tó bá ń jò.

“Sènami, lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.”

“Àyẹ̀wò kí ni? Ṣé nítorí mo rẹwà ni?”

“O kì í mu omi báyìí tẹ́lẹ̀.”

“Ẹ fi mí lọ́rùn sílẹ̀ jàre, Bàbá Mautin. Oòrùn ni mò ń rìn nínú ẹ̀.”

Nígbà tó ṣe, mo mú àwọn àlejò kan láti òkè òkun sọdá. Aláwọ̀ dúdú ni wọ́n, àwọn tí wọ́n gbà pé ọ̀nà yẹn ni wọ́n kó àwọn baba wọn gbà. A ti bọ́ bàtà, a ti rìn díẹ̀, nígbà tí obìnrin kan nínú wọn ké tòò. Ó nawọ́ sí ilẹ̀ lẹ́yìn mi. Mo bojú wẹ̀yìn. Ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú gbogbo ojú ẹsẹ̀ ọ̀tún mi lórí iyanrìn funfun náà, láti ibi tí a ti bọ́ bàtà títí dé ibi tí mo dúró sí.

Ọkùnrin àgbàlagbà kan kúnlẹ̀ ti ọ̀kan nínú ojú ẹsẹ̀ náà, ó sì bú sẹ́kún. Àwọn yòókù ṣí fìlà. Ǹjẹ́ o mọ ohun tí mo ṣe? Mi ò jókòó wo ẹsẹ̀ mi. Mo dúró, mo gbójú sókè, mo sì jẹ́ kí wọ́n sunkún, torí èmi náà gbà pé àmì ni. Mo fi ẹsẹ̀ náà rìn dé òkun, mo sì fi rìn padà.

Ọkọ mi ló bá mi yọ ohun tó wà nínú rẹ̀ nílé. Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó nà án sí mi.

“Àfọ́kù ìgò rèé. Ó wọlé ṣinṣin. O ò mọ̀ ọ́n?”

“Mi ò mọ̀ ọ́n.”

Ó wojú mi pẹ́, mo sì rí i pé ẹ̀rù ń bà á.

Níbi tí ogun ilé ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, o sì ní láti múra sílẹ̀ de irú rẹ̀, torí ilé rẹ kò ní ṣàì ní tirẹ̀. Ẹni kan ní mo tẹ nǹkan tí wọ́n fi sílẹ̀ dè mí. Ẹni kan ní ààwẹ̀ ló kù kí n gbà. Ẹni kan gbé ìgò oògùn kan wá láti ìkọjá Sèmè, Faransé ni wọ́n kọ sí i lára, kò sí ẹni tó lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀, mo sì mu ún. Ní ti Tányìn, ewé ló gbà gbọ́. Ó gbé ìkòkò kaná, ó kó ewé sí i, ó da omi náà sínú baàfù, ó ní kí n ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

“Ṣé ó gbóná?” ó bi mí.

“Kò gbóná.”

Ó bù sí i. “Báyìí ńkọ́?”

“Kò tíì gbóná, Tányìn.”

Ó tún bù sí i. Ooru ń rú sí wa lójú, àwa méjèèjì sì ń dúró de ìgbà tí màá mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo yọ ẹsẹ̀ jáde, awọ rẹ̀ bó tẹ̀lé aṣọ tí mo fi nù ún. Jọ̀wọ́, bí o bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ, má gbàgbé èyí: má ṣe ki ẹsẹ̀ rẹ bọ omi gbígbóná láé, ẹni yòówù kó sè é fún ọ.

Kò pẹ́ tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó kéré jù àti èyí tó tẹ̀ lé e fi dúdú. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ọkọ mi ní ilé ìwòsàn ló kù. Tányìn ní kò ṣeé ṣe.

“Ìwọ lo fẹ́ ẹ, àwa la bí i,” ó sọ fún ọkọ mi. “O ò mọ ọ̀nà yẹn. Àwọn tó ni ẹsẹ̀ náà ló ń pè é.”

“Tányìn, ẹ má bínú,” ọkọ mi dá a lóhùn, ó sì dọ̀bálẹ̀ kó tó sọ ọ́. “Bí wọ́n bá fẹ́ ẹsẹ̀ náà, kí wọ́n wá gbà á lọ́wọ́ dókítà.”

Inú bí Tányìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí kẹ̀kẹ́ dé, òun ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ó ní òun ò ní jẹ́ kí wọ́n gé ọmọ òun láìsí ẹlẹ́rìí.

Ilé ìwòsàn ìjọba lẹ́bàá ọ̀nà Mowo ni a lọ. Bí o kò bá tíì lọ rí, mú omi lọ, mú nǹkan díẹ̀ tí wàá jẹ lọ, kí o sì mú sùúrù lọ. Orí bẹ́ǹṣì la jókòó sí, bí ẹnì kan bá wọlé, gbogbo wa á sún. Nígbà tó yá mo rí i pé a kò sún mọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn tó jókòó tì wá ti dìde lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Òórùn ẹsẹ̀ mi ni. Èmi tí ènìyàn kúnlẹ̀ ti ojú ẹsẹ̀ rẹ̀! Mo fi gèlè bo ẹsẹ̀ náà, mo wolẹ̀, ìtìjú sì fẹ́ pa mí ju àìsàn lọ. Tányìn sún mọ́ mi títí èjìká wa fi kan ara wọn, kò sì kúrò níbẹ̀.

Obìnrin ni dókítà náà, ó kéré lọ́jọ́ orí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ó ní kí n di ojú, kí n máa sọ fún òun bí òun bá ti fọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Mo di ojú. Mo dúró, mo dúró.

“Ẹ bẹ̀rẹ̀ ná, dókítà,” mo ní.

“Mo ti parí, Mà.”

Mo la ojú. Mi ò lè ṣàlàyé bí inú mi ṣe rí fún ọ. Ó ní ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi ti pọ̀ kọjá ààlà, ó pẹ́ tó ti ń pa àwọn iṣan ìmọ̀lára inú ẹsẹ̀ mi, ìdí nìyẹn tí n kò fi mọ iná, tí n kò mọ ìgò. Lẹ́yìn náà ló bèèrè bóyá ẹnì kan ti ní irú rẹ̀ rí ní ilé wa.

“Kò sí,” ni mo dáhùn.

Tányìn dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ń wo ẹsẹ̀ mi. Ó wá sọ ọ́ ní èdè Gùn, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, “Afọ dopolọ wẹ.” Ẹsẹ̀ kan náà ni. Ó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Èèrà ń ṣù bo ìtọ̀ bàbá ẹ,” ó ní. “Ìkòkò omi kan kì í tó o láti àárọ̀ dọ́sàn-án. Iná ò jó o lẹ́sẹ̀. Egbò kékeré ló bẹ̀rẹ̀, ìka méjì dúdú, ó dé ojúgun. Ó ń rùn, Sènami. A ò jẹ́ kí ẹ wálé, kí ẹ̀yin ọmọ má baà rí i bẹ́ẹ̀. Èmi ni mò ń fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́ fún un. Ọwọ́ mi yìí ni.”

Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ń wò wọ́n. Mi ò mọ ẹni tí mo fẹ́ kọ́kọ́ sunkún fún, bàbá mi, àbúrò rẹ̀, tàbí èmi. Ilẹ̀ kò mọ̀ ọ́n rí. Ilẹ̀ kò mọ èmi náà. Àìsàn ni, àìsàn tó ní oògùn, àwa la sì fi ṣe oyè láàárín ara wa. Mo ti fẹ́ràn ẹsẹ̀ bàbá mi láti kékeré, mo wá jogún rẹ̀ tán.

Wọ́n gé ìka méjèèjì. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè gbàdúrà, ọkọ mi ló gbà á fún mi. A ta ọkọ̀ ojú omi tí Bàbá fi sílẹ̀ láti fi sanwó, kò sì dùn mí bí mo ṣe rò, torí bí ẹsẹ̀ náà bá lọ, ta ni yóò wọ ọkọ̀? Ọ̀pọ̀ ìgbà ni dókítà sọ pé òun ò lè ṣèlérí pé àtẹ́lẹsẹ̀ yóò ṣẹ́ kù. Ó ṣẹ́ kù. Mo kọ́ bí a ṣe ń gún ara ẹni lábẹ́rẹ́, mo kọ́ bí a ṣe ń wọn oúnjẹ, mo sì sunkún lórí ẹ̀bà tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Ìwọ náà á sun ún. Sun ún, kí o jẹ ẹ̀bà kékeré náà.

Òfin méjì ni dókítà fún mi nígbà tí mò ń lọ sílé. Ó ní kí n máa rìn lójoojúmọ́, torí oògùn ni ìrìn jẹ́ fún mi. Ó sì ní n kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ mọ́, kódà nínú yàrá mi.

Ọ̀nà oko Imeke ni mo ti tún ìrìn kọ́. Ọkọ mi ń bá mi rìn, mo wọ bàtà tó bo gbogbo ẹsẹ̀, mò ń tiro. A ó dé ìdí ọ̀pẹ kan, a ó padà. Nígbà tó yá, a ń kọjá rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rìn dé etí ọ̀sà, mo jókòó, mo bọ́ bàtà, mo yẹ ẹsẹ̀ mi wò, kò sí egbò kankan. Mo kọrin.

Ṣùgbọ́n mi ò lè kọjá ibi tí iyanrìn funfun ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, màá mú àlejò débẹ̀, wọ́n á bọ́ bàtà, màá ní kí wọ́n máa lọ, kí wọ́n máa tẹ̀ lé ojú ọ̀nà títí wọ́n á fi rí òkun. Èmi á jókòó sábẹ́ àgbọn bí ẹni tí wọ́n lé jáde nílé bàbá rẹ̀. Dókítà ní kí n má bọ́ bàtà. Bàbá mi ní kí n má wọ̀ ọ́. Bí mo bá gbọ́ ti Bàbá, mo pàdánù ẹsẹ̀; bí mo bá gbọ́ ti dókítà, mo pàdánù ọ̀nà.

Tányìn gbọ́. Ó ní òun fẹ́ bá wa sọdá. Ó pẹ́ tó ti wọ ọkọ̀ ojú omi gbẹ̀yìn, ọkọ mi ló gbé e sọ̀kalẹ̀ bí ọmọdé. Ó rìn pẹ̀lú wa débẹ̀, àwọn àlejò ń bọ́ bàtà, èmi sì ń wá ibi tí màá jókòó sí.

“Dìde dúró,” ó ní.

Ohun kan wà tó yẹ kí o mọ̀ nípa àwa Gùn. Ní ilé wa, àbúrò bàbá ẹni lóbìnrin ló ń bá àwọn òkú ilé sọ̀rọ̀. Ohun tí ọkùnrin ilé bá dè, òun ló lè tú u. Mo mọ èyí, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mi ò láyà láti bẹ̀ ẹ́, torí òun gan-an ni kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan èèwọ̀ yẹn.

Ó bu omi sórí iyanrìn. Ó pe orúkọ bàbá mi. Ó sọ fún un ní èdè Gùn pé òun ò mọ̀, pé kó dárí ji ọwọ́ òun. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀. Mo yára fẹ́ fà á dìde, àgbà bẹ́ẹ̀ kì í kúnlẹ̀ fún ọmọ, ṣùgbọ́n ó gbá ọwọ́ mi kúrò. Ó mú okùn bàtà mi tó tú, ó so ó le dáadáa.

“Ẹ̀gbọ́n mi ló dè é, èmi ni mo tú u,” ó ní. “Afọkpà, ọmọ mi, bàtà. Wọ bàtà ẹ kọjá. Ká ní mo mọ̀ ni, èmi ni ǹ bá wọ̀ ọ́ fún un.”

Mo wọ̀ ọ́ kọjá.

Bí mo ṣe wà lónìí nìyí. Mo ṣì ń gún abẹ́rẹ́, n ó sì máa gún un. Ìka méjì kò sí lẹ́sẹ̀ ọ̀tún mi, èyí tó kù kò mọ nǹkan kan lára, kò sì dájú pé yóò mọ̀ ọ́n mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń fi dígí yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mi wò, bí ojú mi bá ti ṣú jù, ọkọ mi á bá mi yẹ̀ ẹ́. Mò ń rìn, mò ń sọdá, mò ń dé òkun.

Ibi tí iyanrìn funfun ti bẹ̀rẹ̀, mo ṣì máa ń dúró. Mo kọ́kọ́ máa ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn àlejò bóyá ẹnì kan nínú wọn ní ṣúgà, mo sì ń sọ fún onítọ̀hún pé kí ó má bọ́ bàtà rẹ̀, pé ilé wa ti yọ̀ǹda rẹ̀. Ẹni tó bá wù nínú àwọn yòókù lè bọ́ tirẹ̀. Wọ́n á gbé ẹsẹ̀ lé iyanrìn, wọ́n á pariwo, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Mo máa ń bi wọ́n bóyá ó ń jó wọn. Bí wọ́n bá ní ó ń jó àwọn, mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n dúpẹ́.